Ìkọ́ fifth wheel mẹ́ta ni mo lò kí tírélà tó yéé gbá mi lẹ́yìn

Ọdún keje rèé tí mo ti ń fi píkọ́ọ̀pù fa fifth wheel, tírélà tí èèyàn lè sùn nínú rẹ̀, tí imú rẹ̀ gun ẹ̀yìn ọkọ̀ bí ẹni gun ẹṣin. Ìkọ́ mẹ́ta ni mo ti dè mọ́ ọkọ̀ kan ṣoṣo yìí. Èkíní fẹ́rẹ̀ẹ́ mú kí n ta tírélà náà. Èkejì yanjú ìṣòro kan, ó sì dá òmíràn sílẹ̀. Ẹ̀kẹta ni mo ń lò di òní. Òun ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí jù, àmọ́ ẹ ò ní mọ ìdí tí mo fi ń yìn ín bí mi ò bá kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ àwọn méjì ìṣáájú.

Fún ẹni tí kò tíì fa irú rẹ̀ rí: bọ́ọ̀lù irin tó wà lábẹ́ bọ́ńpà ni wọ́n ń so tírélà kéékèèké mọ́. Ti fifth wheel kò rí bẹ́ẹ̀. Inú àpótí ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù gan-an ni ìkọ́ rẹ̀ ń jókòó sí, lókè axle ẹ̀yìn, ọ̀pá irin tó so ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ òsì ọkọ̀ pọ̀, tàbí síwájú rẹ̀ díẹ̀. Lábẹ́ imú tírélà, irin róbótó kan yọ wálẹ̀ tó nípọn tó ínṣì 2. Kingpin ni wọ́n ń pè é, òun sì ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìkọ́ ń há mọ́. Láyé ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin ni orúkọ fifth wheel, ìyẹn ẹsẹ̀ karùn-ún, ti wá. Àwo irin róbótó kan ni wọ́n máa ń fi dùbúlẹ̀ sórí axle iwájú kí ó lè máa yí sọ́tùn-ún sósì, ó sì jọ ẹsẹ̀ ọkọ̀, ni wọ́n bá kúkú kà á mọ́ àwọn mẹ́rin tó kù. Nítorí pé orí axle ni ẹrù ń sọ̀ sí, tí kì í ṣe ẹ̀yìn bọ́ńpà, ìdí tírélà báyìí kì í sábà jù sọ́tùn-ún sósì bí atẹ́gùn bá fẹ́ lù ú. Ohun tó jẹ́ kí n yàn án nìyẹn.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni gbígbá. Lójú ọ̀nà kọnkéré tí wọ́n dà ní abala-abala, gbogbo ibi tí abala méjì bá ti pàdé ni tírélà á ti tì mí síwájú, tí á sì tún fà mí padà. Gbì, gbì, gbì, bí ẹni ń fi òòlù lu ẹ̀yìn àga mi. Kì í ṣe òkè àti odò nìkan ló ń gbé wa lọ o, iwájú àti ẹ̀yìn ló ti ń gbá wa. Ìyàwó mi kì í lè gbé ife dé ẹnu kí omi má dà sí i láyà. Bí mo bá fi wákàtí méjì wakọ̀, ọrùn mi á ti gan.

Owó ìkọ́ àkọ́kọ́ yẹn ló rọjú jù nínú gbogbo èyí tí mo rí. Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ó lè fa 16,000 pọ́n-ùn, èyí tó lé díẹ̀ ní 7,200 kílò. Tírélà mi kò ju 5,400 kílò lọ nígbà tí ẹrù bá kún inú rẹ̀. Mo ní, kí ló tún kù? Ó ṣe díẹ̀ kó tó yé mi pé bóyá irin á já tàbí kò ní já ni nọ́ńbà yẹn ń sọ. Kò sọ nǹkan kan nípa bí ara ẹni tó jókòó síwájú á ṣe rí. Orí ìkọ́ náà ń tẹ̀ síwájú sẹ́yìn nìkan, kì í tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí náà ibi tí ilẹ̀ bá ti dagun díẹ̀, àtiso tírélà mọ́ ọn di ìjàkadì. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀pá irin kan ṣoṣo tó ń kọjá lẹ́yìn kingpin bí ìdábùú ilẹ̀kùn.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wa tírélà akẹ́rù ló là mí lójú. Ó ní kí n wọnú ọkọ̀, kí n di bíréèkì tírélà nìkan mú, kí n máa sún ọkọ̀ síwájú sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Òun dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìkọ́. Nígbà tó ṣe, ó ní kí n pa ẹ́ńjìnnì.

“Àbúrò, bọ́ sílẹ̀ wá wo nǹkan.”

“Kí lẹ rí, ẹ̀gbọ́n?”

Ó yọ igi ìṣáná kan, ó tì í bọ àárín kingpin àti ọ̀pá ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn. Igi ìṣáná wọlé láìfi ipá. Ó ní, “Ibí yìí ni ọrùn tó ń dùn ẹ́ ti wá.”

Mo rò ó lálẹ́ ọjọ́ náà títí. Àlàfo yẹn kò tó nǹkan lójú, ṣùgbọ́n bí ẹrù 5,400 kílò bá kọ́kọ́ sá ìwọ̀n igi ìṣáná kan kó tó kan irin, òòlù ló dà yẹn. Bí mo bá tẹ bíréèkì, tírélà á sá wá gbá ìkọ́. Bí mo bá fún ọkọ̀ níná, ìkọ́ á sá lọ gbá kingpin. Bí òpópónà bá sì ń gbé wa sókè sódò, méjèèjì á máa gbá ara wọn láìdúró. Kò sí sípíríńgì tàbí àpò afẹ́fẹ́ tó lè dí àlàfo yẹn.

Ẹ̀gbọ́n yìí kan náà ló ní kí n tó náwó, kí n lọ wọn ẹrù mi. Mo gbé píkọ́ọ̀pù nìkan gun òṣùwọ̀n àwọn ọkọ̀ akẹ́rù, mo kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Mo so tírélà mọ́ ọn, mo padà wá, mo sì jẹ́ kí ẹsẹ̀ píkọ́ọ̀pù nìkan dúró lórí òṣùwọ̀n. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín nọ́ńbà méjèèjì ni ìwúwo tí kingpin ń gbé lé ọkọ̀. Tèmi jẹ́ 770 kílò, kò tó ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo tírélà. Àárín 15 sí 25 ló yẹ kó wà, ọ̀pọ̀ awakọ̀ sì ń fẹ́ kó sún mọ́ 20. Àwọn kẹ̀kẹ́ tí mo so mọ́ ìdí tírélà àti àpótí irinṣẹ́ tó wúwo tí mo tì sí kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ló gbé imú rẹ̀ fúyẹ́. Imú tó bá fúyẹ́ á máa fò lórí ìkọ́ nígbàkúùgbà tí ọkọ̀ bá wọ kòtò. Mo kó gbogbo rẹ̀ wá síwájú, ó di 900 kílò. Gbígbá náà dín kù lójú ẹsẹ̀, kọ́bọ̀ kò sì jáde lápò mi.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó kó ẹrù síwájú, ẹ ka bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ férémù ilẹ̀kùn awakọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ iye ìwúwo tí píkọ́ọ̀pù yín lè rù sí. Ẹrù kingpin wà nínú rẹ̀, ìkọ́ fúnra rẹ̀ wà nínú rẹ̀, ẹ̀yin àti àwọn tó bá yín wọkọ̀ náà wà nínú rẹ̀. Mo ti rí ẹni tó ra ìkọ́ tó lágbára ju ọkọ̀ tó fẹ́ gbé e lọ.

Ọ̀rọ̀ ìyíkọ̀ ló mú mi ra ìkọ́ kejì. Àpótí ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù mi kúrú, ẹsẹ̀ bàtà 6 àti ààbọ̀ ni. Tírélà mi fẹ̀ tó ínṣì 102, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ 51. Bí mo bá yí ọkọ̀ títí tí òun àti tírélà fi dá igun L, ó yẹ kí ó ju ínṣì 51 lọ láti kingpin dé gíláàsì ẹ̀yìn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, igun imú tírélà á wọlé wá bá wa. Tèmi kò tó bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí mo ń fà sẹ́yìn wọ ibi ìgbọ́kọ̀sí, ìyàwó mi pariwo, mo dúró gbọn-in. Ọwọ́ mi kò lè wọ àárín igun tírélà àti gíláàsì. Mo wá ra ìkọ́ tó ń yọ̀ lórí irin. Èèyàn á di bíréèkì tírélà mú, á fa ọwọ́ ìkọ́, á sún ọkọ̀ síwájú, ìkọ́ á sì sún sẹ́yìn bí ínṣì 10 kó tó há. Tí ìyíkọ̀ bá parí, a dá a padà sí ipò rẹ̀ kí a tó jáde sí òpópónà. Bí imú tírélà yín bá jẹ́ èyí tí wọ́n gé igun rẹ̀ wọlé, ẹ wọ̀n ọ́n dáadáa kí ẹ tó ra irú èyí, ó lè jẹ́ pé ẹ ò nílò rẹ̀.

Ìkọ́ kejì yìí gbà wá lọ́wọ́ gíláàsì fífọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sàn ju ti èkíní lọ. Àmọ́ àlàfo tó kúrò lẹ́nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti lọ sí abẹ́ rẹ̀, níbi tí ìkọ́ ti ń yọ̀ lórí irin. Ó ń pariwo, ó ń mì, nígbà tó sì di ọdún kejì, gbígbá ti padà dé.

Orí rẹ̀ náà ni mo ti rí ohun tó bà mí lẹ́rù jù nínú ọdún méje yìí. Mo gbé imú tírélà ga jù nígbà tí mo fẹ́ so ó. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ dún kaṣa, ọwọ́ ìkọ́ sì wọlé, mo rò pé ó ti há. Mo di bíréèkì tírélà mú, mo fa ọkọ̀ síwájú díẹ̀ láti dán an wò, ni kingpin bá yọ. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ nìkan ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ gbá mú. Ọlọ́run ṣe é, mi ò tíì ká ẹsẹ̀ irin tó ń gbé imú tírélà dúró kúrò nílẹ̀, òkúta sì wà lẹ́yìn táyà rẹ̀. Ká ní mo ti ká a ni, orí ẹ̀gbẹ́ àpótí píkọ́ọ̀pù ni imú tírélà ì bá já lé. Láti ọjọ́ yẹn, mo máa ń jẹ́ kí imú tírélà rẹlẹ̀ díẹ̀ ju orí ìkọ́ lọ, kó fi gígun wọlé. Mo máa ń tan tọ́ọ̀ṣì wò ó pé àwo orí ìkọ́ àti àwo abẹ́ imú tírélà lẹ̀ mọ́ra, mo sì máa ń fà á wò kí n tó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ tán. Okùn bíréèkì pàjáwìrì, èyí tó ń mú kí bíréèkì tírélà di bí tírélà bá já kúrò, ara ọkọ̀ ni mo ń so ó mọ́, kì í ṣe ara ìkọ́, nítorí bí ìkọ́ bá tú kúrò lára ọkọ̀, okùn tí a so mọ́ ọn kò ní fà.

Kí n tó ra ẹ̀kẹta, ọ̀rẹ́ mi yá mi ní ìkọ́ rẹ̀ tó ní àpò afẹ́fẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ohun tó dára ni. Lórí kòtò, ó gbé wa kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ó wúwo gan-an, a sì gbọ́dọ̀ fún un ní afẹ́fẹ́ tó bá ẹrù kingpin mu, bí a bá ti kó ẹrù kúrò tàbí tí a fi kún un, a tún un ṣe. Nígbà tí mo bá tẹ bíréèkì, mo ṣì ń gbọ́ gbì yẹn, torí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tiẹ̀ náà ti jẹ.

Nítorí náà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni mo kọ́kọ́ wò lára ẹ̀kẹta. Méjì ni, wọ́n ti ọ̀tún àti òsì wá, wọ́n sì di kingpin mú yíká bí ọwọ́ tó di igi mú. Orí rẹ̀ ń tẹ̀ síwájú, sẹ́yìn, sọ́tùn-ún, sósì. Rọ́bà líle wà níbi tí orí ti jókòó lé ẹsẹ̀, kì í ṣe irin lórí irin. Òun náà ń yọ̀ bí èkejì, àmọ́ bí a bá ti há a, irin kan ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ típẹ́típẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ irin méjì tí wọ́n ti fi bóòtù dè mọ́ ilẹ̀ àpótí ọkọ̀ mi láti ìgbà èkíní, kò sí ihò tuntun kankan tí mo lu. Bí ọkọ̀ yín bá ti ní ihò mẹ́rin láti ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, ẹ wá ìkọ́ tó bá ihò yẹn mu, ilẹ̀ àpótí á mọ́ gbalaja nígbà tí ẹ bá yọ ọ́.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí a fi gun ojú ọ̀nà kọnkéré yẹn kan náà, ìyàwó mi wò mí, ó ní, “Ṣé tírélà ṣì wà lẹ́yìn wa?” Mo wo dígí. Ó wà níbẹ̀.

Ó ní àléébù tirẹ̀. Èmi nìkan kò lè gbé e, a ní láti tú u sí méjì kí èmi àti ẹnìkejì tó gbé e kúrò. Owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti èkíní. Bí kingpin bá fún mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ọwọ́ ìkọ́ kì í gbọ́ràn rárá, àfi kí n kọ́kọ́ sún ọkọ̀ sẹ́yìn díẹ̀ kó lè dẹ̀. Rọ́bà rẹ̀ sì ń dún lóṣù àkọ́kọ́.

Gíga rẹ̀ gba sùúrù. Ihò mélòó kan wà lára ẹsẹ̀ rẹ̀ tí a fi ń gbé e sókè sódò. Mo fẹ́ kí tírélà tẹ́jú, torí bí imú bá ga jù, ẹrù á padà sẹ́yìn, ohun tí mo sá fún nìyẹn. Mo sì fẹ́ kí ó tó ínṣì 6 láti orí ẹ̀gbẹ́ àpótí ọkọ̀ dé abẹ́ tírélà, kí méjèèjì má bàa kanra wọn níbi tí ilẹ̀ bá ti dagun. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tú u kó tó bá mi mu. Ní ti gíríìsì, mi ò fi kun orí rẹ̀ mọ́, àwo ike tí wọ́n ń kì bọ kingpin ni mo ń lò. Ẹ yẹ ìwé ìkọ́ yín wò kí ẹ tó ra tiyín o, torí àwo tó bá nípọn jù kì í jẹ́ kí kingpin wọlé dáadáa.

Ọdún kẹta nìyí tí mo ti ń lò ó. Níbẹ̀rẹ̀ ìrìn-àjò kọ̀ọ̀kan, mo ń yẹ bóòtù rẹ̀ wò, mo sì ń mú igi ìṣáná kan lọ síbi ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kò tíì wọlé.