Ọ̀pẹ òtútù tí mo rà ní Jos: ìràwọ̀ méjì péré

Mo ra ọ̀pẹ méjì lọ́wọ́ bàbá kan tó ń ta òdòdó létí títì níbí ní Jos, ó ní windmill palm láti Ṣáínà ni méjèèjì, èyí tí yìnyín gan-an ò lè pa. Ẹyọ kan ló jóòótọ́ o, ewé ẹ̀ ń là bí abẹ̀bẹ̀, ọyẹ́ January fẹ́ fẹ́ fẹ́, kò tiẹ̀ mira. Ìkejì ńkọ́? Ó gbẹ kí February tó wọlé, mo wá hú u, àfi bí mo ṣe rí èèpo àgbọn nídìí ẹ̀! Mo padà lọ bá bàbá yìí, ó ní kí n máa bu omi gbígbóná sí i. Ṣé tíì ni? Kò dá kọ́bọ̀ padà. Èyí tó kù yẹn ṣáà wù mí, ẹ má kàn gbìn ín síbi tómi ń dá dúró sí, gbòǹgbò ẹ̀ á jẹrà.