Ẹ̀rọ Aléfòó àti Ọkọ̀ Ìwádìí Lójú Àtìláńtíìkì
Láti ọdún 1997 ni Faransé, Brasil àti Amẹ́ríkà ti ń fi ètò PIRATA ṣọ́ bí òkun Àtìláńtíìkì ṣe ń nípa lórí òjò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹ̀rọ aléfòó tí wọ́n so mọ́ ìsàlẹ̀ òkun ń wọn atẹ́gùn àti ìgbóná omi dé 500 mítà tọ̀sán-tòru, ṣùgbọ́n ojú kan ló wà, àwọn apẹja a sì máa bà á jẹ́. Owó ńlá ni ọkọ̀ ìwádìí ń ná ni. Síbẹ̀ òun ló lè tẹ̀ lé òjò, kí ó ju bálúùnù tó ń wọn ojú ọjọ́ sókè, kí ó sì bu omi láti inú ibú. Bí owó bá mọ níwọ̀n, ẹ̀rọ ni èmi yóò kọ́kọ́ yàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ ló ń lọ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún.