Ìbọn Àtijọ́: Ká Fi Í Sílẹ̀ Bó Ṣe Wà, àbí Ká Tún Un Ṣe?

Fífi í sílẹ̀ kò ná ọ ju òróró díẹ̀ àti aṣọ rírọ̀ lọ. Àtúnṣe ń gba owó oníṣẹ́, ó sì tún lè dín iye ìbọn náà kù. Ibẹ̀ ló ti máa ń ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu. Àwọn tó ń kó ìbọn àtijọ́ jọ fẹ́ràn àwọ̀ tí irin gbé jáde láti ilé iṣẹ́, kódà bó ti ṣá. Ìbọn Colt tàbí Winchester (orúkọ ilé iṣẹ́ ìbọn Amẹ́ríkà méjì) ti ọ̀rúndún kọkàndínlógún tí wọ́n ti ha, tí wọ́n tún kùn, tí lẹ́tà àti nọ́ńbà ara rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, sábà máa ń pa owó tó kéré sí èyí tó ṣá tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn. Dídán kọ́ ni ẹwà níbí o!

Ṣùgbọ́n ìpẹtà tó ṣì ń jẹ irin kò ní dúró dè ọ́. Dá a dúró, má kàn ha àwọ̀ rẹ̀ dànù. Bí ìdí onígi bá là, lílẹ̀ ẹ́ pọ̀ sàn ju pípààrọ̀ rẹ̀ lọ. Ẹ̀yà ìbọn tí o bá sì yọ, tọ́jú rẹ̀.

Bó bá ṣọ̀wọ́n, tí ẹ̀yà rẹ̀ pé, fi í sílẹ̀. Bó bá jẹ́ irú tó wọ́pọ̀, tí ẹlòmíì ti bà á jẹ́ tẹ́lẹ̀, àtúnṣe ọ̀jáfáfá lè gbé iye rẹ̀ sókè. Tó bá jẹ́ yíyìn lo fẹ́ yìn ín, oníṣẹ́ ìbọn ni kó kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò.