Row Level Security ti PostgreSQL: ohun tí ojú mi rí kí n tó fún un ní máàkì 8 nínú 10

N kò tíì rin ẹnu láàárọ̀ ọjọ́ náà nígbà tí bọ̀ọ̀dá kan pè mí. "Àbúrò, ṣé ó yẹ kí èmi mọ̀ pé lágbájá ṣì jẹ gbèsè aṣọ Ojúde Ọba?" Àyà mi já. Èmi ni mo ṣe wẹ́ẹ̀bù tí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ mẹ́ta fi ń gba owó ẹgbẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Nọ́ńbà tó wà nídìí àdírẹ́sì ni bọ̀ọ̀dá yí, 114 di 115, ni ìwé owó ẹlòmíì bá ṣí gbayawu. Ìjẹ̀bú á jẹ́ kí ẹ wo aṣọ òun títí ilẹ̀ á fi ṣú, ṣùgbọ́n iye tó ṣẹ́kù tí òun kò tíì san kò kàn yín.

Ojú ewé kọ̀ọ̀kan ni mo ti ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹni tó wọlé ló ni ìwé. Mo gbàgbé ti rìsíìtì. Ẹyọ kan péré!

Mo bá gbé ẹ̀ṣọ́ náà lọ sínú dátábéèsì fúnra rẹ̀, ibi tí gbogbo àkọsílẹ̀ wà. PostgreSQL ni dátábéèsì tí mo ń lò, ọ̀fẹ́ ni, Row Level Security, ìyẹn ẹ̀ṣọ́ orí ìlà kọ̀ọ̀kan, sì ti wà nínú rẹ̀ láti ẹ̀dà 9.5 tó jáde ní 2016. Ẹ ó fi ENABLE ROW LEVEL SECURITY tì tábìlì, ẹ ó wá fi CREATE POLICY kọ òfin tó sọ ẹni tó lè rí ìlà wo. Ní báyìí, bí mo bá tilẹ̀ kọ SELECT (àṣẹ tó ń mú ìlà jáde) láìfi WHERE (tó ń sọ ìlà wo) sí i, ìlà ẹni tó wọlé nìkan ló ń jáde. Kì í sọ pé "o kò láṣẹ". Ṣe ló ń ṣe bí ẹni pé ìlà yòókù kò sí rárá. Ìyẹn dùn mọ́ mi jù.

Ó fìyà jẹ mí o. Mo tì tábìlì kí n tó kọ òfin kankan, gbogbo ìlà sì pòórá. Àǹtí akápò pariwo lórí fóònù: "Owó ẹgbẹ́ dà?" Mo kọ òfin tán, mo dán an wò, gbogbo rẹ̀ tún hàn kedere! Òru méjì ni mo fi wá ìdí. Orúkọ tó ni tábìlì ni mo fi dán an wò, kì í ṣe èyí tí wẹ́ẹ̀bù ń lò, òfin náà kì í sì í mú onítábìlì àfi tí ẹ bá kọ FORCE. Ti superuser, ọ̀gá pátápátá nínú dátábéèsì, tilẹ̀ burú jù, FORCE gan-an kò mú un. Orúkọ tí kò lágbára tí wẹ́ẹ̀bù ń lò ni mo wá fi ń dán an wò.

Bí ẹ bá ń lo pool, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pín ìsopọ̀ kan náà sí dátábéèsì lò, ẹ jọ̀ọ́, SET LOCAL nínú transaction (àkójọ àṣẹ tó ń parí pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà) ni kí ẹ fi sọ ẹni tó wọlé. SET lásán lè kù sórí ìsopọ̀, kí ẹni tó kàn jókòó sórí orúkọ ẹni tó kúrò. Ẹ fi index, atọ́ka tó ń mú kí ìwádìí yá, sí kọ́lọ́ọ̀mù tí òfin ń yẹ̀ wò pẹ̀lú, tèmi falẹ̀ kí n tó fi í sí i.

Máàkì 2 tí mo yọ, ti òru méjì yẹn ni. Bọ̀ọ̀dá ṣì ń yí nọ́ńbà. Ó ní òun ti yí i dé 300, òun kò rí nǹkan kan.