Óbidos pẹ̀lú òkun lọ́jọ́ kan: Nazaré àbí Peniche, tíkẹ́ẹ̀tì wo ni kẹ́ ẹ rà?

Tẹ́ ẹ bá wà ní Lisbon, olú ìlú Portugal, tó jẹ́ ọjọ́ kan péré lẹ ní láti fi rí ìlú olódi àti òkun pọ̀, Óbidos ni kẹ́ ẹ lọ, kò jìnnà, bíi kìlómítà 80 ni, bọ́ọ̀sì láti Campo Grande, ibùdókọ̀ kan ní Lisbon, sì máa ń gbé yín débẹ̀ láàárín bíi wákàtí kan. Ìyẹn ò le rárá. Ibi tí owó ti ń ṣòfò ni òkun tẹ́ ẹ fẹ́ so mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ n sọ ti Óbidos tán ná. Odi yẹn yí ìlú po, ẹ lè gun orí ẹ̀ kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ rìn ín, ó tó kìlómítà kan ààbọ̀, àmọ́ kò sí irin tí èèyàn lè dì mú lápá inú o! Tẹ́ ẹ bá gbé ọmọ kékeré dání, tàbí tó jẹ́ pé òòyì máa ń kọ́ yín tẹ́ ẹ bá wà lókè, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dúró nísàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ náà dùn. Ọba Dinis ló fi ìlú yẹn ta Isabel ìyàwó ẹ̀ lọ́rẹ nígbà tí wọ́n ṣègbéyàwó ní 1282, ọwọ́ àwọn olorì ló sì wà títí di 1834, ẹ ò rí i pé ẹ̀bùn nìyẹn. Ṣọ́ọ̀ṣì Santiago ti di ilé ìtàwé, ẹ wọ ibẹ̀. Ọtí ginja, ìyẹn ọtí dídùn tí wọ́n fi èso ṣẹ́rì kíkan ṣe, tí wọ́n ń bù sínú kọ́ọ̀bù ṣokoléètì náà ńkọ́? Ẹ mu ún, kẹ́ ẹ jẹ kọ́ọ̀bù ẹ̀.

Ó yá, òkun wo?

Nazaré jìn sí Óbidos tó bíi kìlómítà 40. Ìgbì ló sọ ọ́ dolókìkí: àfonífojì ńlá kan wà lábẹ́ òkun níbẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé etí ilẹ̀, òun ló ń jẹ́ kí omi kóra jọ kó sì ga bí ilé alájà, Sebastian Steudtner gun ìgbì tó ga ní mítà 26.21 ní etíkun Praia do Norte níbẹ̀ nínú oṣù kẹwàá 2020. Láti ibi ilé olódi São Miguel Arcanjo lẹ ti máa wò ó. Àmọ́ láti oṣù kẹwàá sí oṣù kẹta nìyẹn o, kì í sì í ṣe ojoojúmọ́. Ẹni tó bá lọ nínú oṣù keje tó ń retí òkè omi, èrò àti agbòjò lásán ló máa bá létíkun.

Peniche sún mọ́ Óbidos jù, bíi kìlómítà 25. Ilé olódi tó wà níbẹ̀ ni ìjọba Salazar, apàṣẹwàá tó ṣàkóso Portugal nígbà kan, fi ṣẹ́wọ̀n fáwọn olóṣèlú alátakò, ibẹ̀ ni Álvaro Cunhal, aṣáájú àwọn Kọ́múníìsì, àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ti sá jáde ní 1960, ó ti di mùsíọ́mù báyìí. Cabo Carvoeiro, ṣóńṣó ilẹ̀ tó yọ sínú òkun, náà wà ńtòsí, àwọn àpáta ẹ̀ dà bí ìwé tí wọ́n tò léra. Tèmi o, nígbà ooru Peniche ni màá mú. Ẹ ṣáà má fi erékùṣù Berlengas kún un lọ́jọ́ kan náà, ọkọ̀ ojú omi ẹ̀ àti ìgbì á gba gbogbo ọjọ́ mọ́ yín lọ́wọ́.

Ní ti tíkẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n ń tà jù ni bọ́ọ̀sì tó pa Fátima, Batalha, Nazaré àti Óbidos pọ̀, ó rọrùn lóòótọ́, kò sí wàhálà kankan, àmọ́ ìlú mẹ́rin lọ́jọ́ kan, ẹ máa kàn sọ̀ kalẹ̀ ya fótò ni, odi tẹ́ ẹ tìtorí ẹ̀ wá, ẹ lè má ráyè gùn ún. Mọ́tò tẹ́ ẹ rẹ́ǹtì ló dáa jù tẹ́ ẹ bá tó mẹ́ta mẹ́rin, ẹ kàn fi owó géètì tí wọ́n ń gbà lójú títì márosẹ̀ A8 sọ́kàn, kẹ́ ẹ sì páàkì síta odi. Ẹni tó bá dá lọ lè wọ bọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n kó wo àsìkò tí bọ́ọ̀sì tó máa gbé e padà máa gbéra dáadáa kó tó kúrò ní Lisbon.

Tó bá jẹ́ bọ́ọ̀sì àjọwọ̀ náà lẹ máa rà, ẹ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó sanwó: wákàtí mélòó la máa lò ní Óbidos? Ní Nazaré, ṣé Sítio, àdúgbò tó wà lórí òkè, lẹ máa já wa sí ni, àbí etíkun? Tí wọ́n bá ní etíkun, kò burú, ọkọ̀ ojú irin kékeré kan wà tó ti ń gbé èèyàn gòkè láti 1889.