Ihò ṣájà ni mo ní kí wọ́n tún ṣe, wọ́n fi Windows ṣe ènì fún mi

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ pé àwọn èèyàn yìí mọṣẹ́. Inú bíbí ni mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èyí, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà á dé ìdajì kó wá lọ máa sọ kiri pé mo ní wọn ò mọṣẹ́. Wọ́n mọ̀ ọ́n. Ibi tó yẹ kí iṣẹ́ dúró sí ni wọn ò mọ̀.

Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ni, lápá Ajílóṣun níbí l'Ádó-Èkìtì. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Dell Latitude E7450 ni mo gbé lọ, tòkunbọ̀ tí mo ti lò pẹ́. Abẹ́rẹ́ tíńtín kan wà láàárín ẹnu ṣájà Dell tó ń sọ fún ẹ̀rọ pé ṣájà tirẹ̀ gan-an ni wọ́n kì bọ̀ ọ́. Bí ihò bá ti ń mì, tí kò kan abẹ́rẹ́ yẹn dáadáa, láptọ́ọ̀pù á tàn, á máa ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bátìrì kò ní gbaná. Níbi tí iná ti ń wá nígbà tó bá wù ú, ẹ̀rọ tí bátìrì rẹ̀ kò gbaná, ẹrù lásán ni. Mo sọ fún ọmọbìnrin tó ń kọ rìsíìtì pé, "Àǹtí, ihò ṣájà nìkan o." Ó kọ ọ́ sílẹ̀ lójú mi.

Nígbà tí mo padà lọ, Ẹnjiníà fúnra rẹ̀ ló gbé e jáde. Ó ti fi aṣọ nù ún. Ó kì ṣájà bọ̀ ọ́, ó mú ẹnu rẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n sọ́tùn-ún gbọ̀n ọ́n sósì, iná ara bátìrì kò ṣẹ́jú. Ó yí ìdí ẹ̀rọ sókè kí n wò ó. Àwọn skúrù tí kò sí níbẹ̀ látìgbà tí mo ti rà á, ó ti wá irú wọn fi dí i. Ó tún ti gbọn eruku inú fáànù. Kò sẹ́ni tó rán an ní ìyẹn, kò sì gba owó lórí rẹ̀. Mo ti ń kówó jáde, inú mi ń dùn.

Ó wá tẹ bọ́tìnì. Fèrèsé búlúù ló yọ lójú ẹ̀rọ.

"Ẹnjiníà, kí lèyí?"

"Ènì ni, Tíṣà." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Hard disk yín ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹ ò mọ̀ ni. A so ó mọ́ kọ̀ǹpútà wa ká fi yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, ó ní ká fọ́máàtì rẹ̀. Mo bá yín fọ́máàtì rẹ̀. Windows 10 nìyẹn, Office wà níbẹ̀, antivirus wà níbẹ̀. Mi ò gba kọ́bọ̀."

Kò sóhun tó ṣe dísìkì mi. Linux Mint ló wà lórí rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà Linux; ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà ni, bí Windows ṣe ń darí rẹ̀. Ext4 ni Linux sábà máa ń fi to fáìlì sórí dísìkì, Windows kò sì mọ ext4 kà. Bó bá pàdé rẹ̀, kò ní jẹ́wọ́ pé òun ò mọ̀ ọ́n kà. Ohun tó máa ń sọ ni pé kẹ́ ẹ fọ́máàtì dísìkì yìí kẹ́ ẹ tó lè lò ó. Ẹni tó bá ti gbà pé Windows nìkan ló ń jẹ́ kọ̀ǹpútà á tẹ̀ ẹ́, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀ pé òun ṣoore.

Ara mi gbóná. Ẹni tí mo ní kó bá mi tún ilẹ̀kùn ṣe ló kó ẹrù inú yàrá mi dànù, tó tún dúró tó ń retí ọpẹ́. Windows 10 tiẹ̀ ni! Láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft fúnra wọn ti dáwọ́ títọ́jú rẹ̀ dúró. Wọn ò sì fún ẹ̀rọ mi láyè lórí Windows 11, nítorí pé ìran karùn-ún ni ọpọlọ Intel inú rẹ̀, ìran kẹjọ sókè ni wọ́n ń béèrè. Ìdí tí mo fi kó lọ sórí Linux gan-an nìyẹn. Àwọn fáìlì ilé-ìwé mi wà níbòmíràn, ìyẹn ò dùn mí. Ohun tó dùn mí dé egungun ni àkójọ ọ̀rọ̀ Èkìtì tí mo ń gbà lẹ́nu màmá mi n'Ìkéré, tí mo ń tò sínú fáìlì kan kí LibreOffice tí mo fi ń kọ̀wé lè yé fa ìlà pupa sábẹ́ gbogbo ohun tí mo bá kọ.

"Ẹ ò wá lè pè mí kẹ́ ẹ tó ṣe é?"

"Tíṣà, Linux tẹ́ ẹ ń sọ yìí, ṣebí ti àwọn hacker ni?"

Bàbá kan tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, tó ń dúró de fọ́tòkópì, yíjú sí mi. "Tíṣà, ẹ má bá wọn ṣe Yahoo o. Ọmọ wa lẹ̀ ń kọ́."

Ọmọbìnrin onírìsíìtì bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún Bàbá pé akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Helsinki, lórílẹ̀-èdè Finland, Linus Torvalds lórúkọ rẹ̀, ló bẹ̀rẹ̀ Linux lọ́dún 1991, eré ọwọ́dilẹ̀ ló sì pè é nígbà náà. Mo ní kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, ẹni tó bá wù lè kà á, kó tún un ṣe, kó pín in fún ẹlòmíràn. Mo ní fóònù Android tó wà lọ́wọ́ wọn yẹn gan-an, Linux ló wà lábẹ́ rẹ̀. Bàbá wo fóònù náà, wọ́n rọra tì í bọ àpò. Mo gbé láptọ́ọ̀pù mi, mo jáde.

Mi ò tíì dé ibi tí ọ̀kadà wà tí ẹnìkan fi sáré tẹ̀lé mi. Ọmọ kan tó ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ ni, Kékeré ni wọ́n ń pè é. Ọmọ Pólì ni, ìsinmi ló fi ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù náà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ sà. Fáìlì yín wà lọ́wọ́ mi."

Mo ní kó tún un sọ.

"Nígbà tí Ọ̀gá ní kí n fọ́máàtì rẹ̀, mo ní kí n wò ó ná. Mo ní Ubuntu, Linux mìíràn, lórí fíláàṣì mi. Mo fi tan ẹ̀rọ yín, mo rí i pé fódà yín pé síbẹ̀. Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú hard disk ìta. Mo sọ fún Ọ̀gá, wọ́n ní kí n yé fàkókò ṣòfò."

A jọ padà wọlé. Ó so dísìkì ìta náà mọ́ kọ̀ǹpútà kan lẹ́yìn káńtà. Fódà kan wà níbẹ̀ tó kọ TISA MA PAREE sí lórí. Ẹ wò ó, kì í ṣe ìwé àti àwòrán nìkan ni ọmọ yìí kó. Nínú Linux, fódà tí àmì ìdánudúró bá ṣáájú orúkọ rẹ̀ máa ń fara pamọ́, inú àwọn yẹn sì ni gbogbo ètò tí èèyàn ti ṣe fún ara rẹ̀ ń gbé: ti Firefox, ti LibreOffice, ti ojú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbà tó ń lo kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé wọ́n wà. Kékeré ti tẹ Ctrl àti H kí wọ́n lè jáde, ó sì kó wọn pọ̀. Mo ṣí àkójọ ọ̀rọ̀ màmá mi, mo lọ tààrà sísàlẹ̀ pátápátá. Ọ̀rọ̀ tí mo fi kún un gbẹ̀yìn wà níbẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí mo di ọmọ náà lọ́rùn mú, tí mo gbá a mọ́ra níwájú gbogbo wọn.

Mo bi í léèrè ibi tó ti kọ́ ọ. Ó ní àwọn ọ̀rẹ́ òun kan ní Ìwọ̀rọ̀kọ̀ ló máa ń wa ISO, fáìlì ńlá tí Linux máa ń wà nínú rẹ̀, láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì lóru nígbà tí dátà bá dínwó, pé Mint kan ṣoṣo máa ń fẹ́ẹ̀ tó gígábáìtì mẹ́ta, nítorí náà ẹnìkan á wà á, fíláàṣì á sì gbé e dé ọwọ́ àwọn tó kù. Orí mi wú. Ní ìgbà tiwa, Ubuntu ń fi CD ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ káàkiri ayé, wọn ò gba owó ọkọ̀ pàápàá. Ẹ óò kan kọ àdírẹ́sì yín ni, ẹ óò wá máa lọ yọjú sí Posí Ọ́fíìsì. Ọdún 2011 ni wọ́n dá a dúró. Linux mà ń wá ọ̀nà mìíràn gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ yìí.

Mo ní mi ò kúrò níbẹ̀ láìjẹ́ pé Mint padà sórí ẹ̀rọ mi. A ki fíláàṣì kan tó ní Mint bọ̀ ọ́, a tẹ F12, ojú Mint yọ. Ẹnjiníà fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó wá dúró lẹ́yìn wa.

"Ẹ ò tíì fi sórí hard disk, báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́?"

Kékeré ní orí fíláàṣì ló ti ń ṣiṣẹ́, pé kò tíì kan dísìkì rárá. Ẹnjiníà na ọwọ́ sí pirińtà HP àtijọ́ kan tó wà ní kọ̀rọ̀, tó ní CD rẹ̀ ti sọnù tipẹ́tipẹ́. A so ó mọ́ ọn, Mint dá a mọ̀ fúnra rẹ̀, ìwé jáde. Ẹnjiníà mú ìwé náà, ó yí i síwá sẹ́yìn.

"Crack rẹ̀ ńkọ́?" Ohun tí wọ́n fi ń lo ètò olówó láìsanwó ló ń béèrè.

"Kò ní crack, sà."

"Èló wá ni líséǹsì?"

"Ọ̀fẹ́ ni."

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ta ló wá ń jèrè?"

Ìbéèrè gidi ni, mo sì bọ̀wọ̀ fún un nítorí rẹ̀. Mo sọ fún un pé àwọn tó ń bá ilé-iṣẹ́ ńlá tọ́jú Linux wọn ló ń gbowó, pé ọ̀kan nínú wọn tó ń jẹ́ Red Hat, bílíọ̀nù 34 dọ́là ni IBM fi rà á lọ́dún 2019. Ó fa àga, ó jókòó. Ó ní kí n tún iye yẹn pè. Lẹ́yìn ìyẹn ló yíjú sí Bàbá orí bẹ́ǹṣì, ó na ìka sí Kékeré: "Bàbá, ẹ ò rí ọmọ tí mo kọ́?"

Ẹ gbọ́ mi, títí mo fi kúrò níbẹ̀ kò tọrọ àforíjì. Ká wí pé ó pin síbẹ̀, mi ò bá ti gbàgbé. Bí mo ṣe fẹ́ jáde ni àǹtí onírìsíìtì pè mí: "Tíṣà, owó iná kù, sà. Ẹgbẹ̀rún méjì. Inverter lẹ fi ṣe ti Linux yẹn." Mo wo Ẹnjiníà. Ẹnjiníà ń wo pirińtà. Mo san án. Wọ́n fi ohun tí mi ò fẹ́ ta mí lọ́rẹ, wọ́n wá gbowó lọ́wọ́ mi láti yọ ọ́ kúrò.

Ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú Mint, ìkíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà nínú rẹ̀; abẹ́ Nàìjíríà ni kẹ́ ẹ wá a sí nínú ètò rẹ̀.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún ṣọ́ọ̀bù yìí. Ihò ṣájà kò tíì mì. Bẹ́ ẹ bá ń gbé ẹ̀rọ lọ síbẹ̀, ẹ yọ dísìkì rẹ̀ sílé, tàbí kẹ́ ẹ béèrè Kékeré, ìgbà ìsinmi nìkan lẹ lè bá a.