Sales, póíǹtì àbí àlòkù? Bí àwọn sítọ́ọ̀ ẹrù káǹpù àti jákẹ́ẹ̀tì òtútù ṣe rí síra ní Amẹ́ríkà

Nígbà tí ọmọkùnrin mi wọ Scout níbí ní Maryland, ìwé kan ni wọ́n fún un mú bọ̀ wálé, gbogbo nǹkan tó máa gbé lọ sí káǹpù ló wà níbẹ̀: sleeping bag, búùtù, jákẹ́ẹ̀tì òjò, tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń dè mórí, báàgì ńlá àgbékẹ́yìn. Mo wọ sítọ́ọ̀ kan, mo ṣa gbogbo ẹ̀ jọ, ìgbà tí ọmọbìnrin tó ń gbowó pe iye tó jẹ́, mo ní kó jọ̀ọ́ kó tún un pè. Ló bá ní tí mo bá gba kírẹ́díìtì káàdì sítọ́ọ̀ àwọn lójú ẹsẹ̀, àwọn á yọ 15% kúrò. Mo gbà á. Mi ò rówó ẹ̀ san tán lóṣù yẹn, oṣù kejì náà lọ bẹ́ẹ̀, kí n tó san án tán, èlé àti owó ìtanràn ọjọ́ tí mo pẹ́ ti jẹ 15% yẹn tán, ó tún ti bu nínú owó oúnjẹ wa.

Nílé, tọ́jà bá wọ́n jù, a máa ná an ni. A á pe iye tiwa, ìyá ọlọ́jà á pariwo pé ṣé ẹ fẹ́ kóun jẹ gbèsè ni, a á ṣe bí ẹni ń lọ, wọ́n á pè wá padà, tí wọ́n bá tà á tán wọ́n á tún fún wa léènì. Níbí, kò sẹ́ni tẹ́ ẹ fẹ́ ná ọjà fún, kọ̀ǹpútà ló ń dáhùn. Àmọ́ ọjà ṣì ṣeé ná o, inú kàlẹ́ńdà ni wọ́n fi ìnájà pamọ́ sí, èènì náà wà, póíǹtì ni wọ́n ń pè é. Mo ti ń ra ẹrù báyìí fáwọn ọmọ fún ọdún bíi mélòó kan, mo fẹ́ to àwọn sítọ́ọ̀ tí mo mọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kẹ́ni tó ń bọ̀ lẹ́yìn má bàa sanwó ẹ̀kọ́ tí mo san.

REI ni màá fi bẹ̀rẹ̀, torí tẹ́ ẹ bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni, irú èyí táwọn òbí wa ń ṣe gan-an. Lọ́dún 1938 ní Seattle, Lloyd Anderson àti ìyàwó ẹ̀ Mary tí wọ́n fẹ́ràn kí wọ́n máa gun òkè ń wá àáké yìnyín tó dáa, èyí tí wọ́n rí ládùúgbò ti wọ́n jù, wọ́n bá kọ̀wé sí Austria, ó dé ọwọ́ wọn ní $3.50. Àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń gun òkè rí i, wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn náà rà, bí wọ́n ṣe dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ nìyẹn, dọ́là kan ni wọ́n fi ń wọlé nígbà yẹn. Lónìí $30 ni, ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ máa san án títí ayé, kì í ṣe ọdọọdún.

Kí lẹ máa rí gbà? Tó bá di March, wọ́n máa ń pín èrè ọdún, tó lè tó 10% owó tẹ́ ẹ ná lọ́dún tó kọjá. Ẹ wá fetí sílẹ̀ síbí yìí dáadáa: odindi owó nìkan ni wọ́n ń kà. Èyí tẹ́ ẹ bá rà nígbà sales, tàbí tẹ́ ẹ mú ní REI Outlet, níbi tí wọ́n ti ń ta ọjà tówó ẹ̀ ti wálẹ̀, kò sí nínú ẹ̀. Ìyẹn ni pé ẹni tó bá ń ṣọ́ sales, irú èmi, kì í fi bẹ́ẹ̀ rí nǹkan kan gbà ní March. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ kí èrè yẹn dá $30 tẹ́ ẹ fi wọlé padà, ẹ gbọ́dọ̀ ti ra ọjà $300 lódindi owó. Ẹlòmíì á gbọ́ bẹ́ẹ̀, á ní kí wá làǹfààní ẹ̀. Ìdápadà ni àǹfààní ẹ̀! Ọmọ ẹgbẹ́ ní ọdún kan gbáko láti dá ọjà padà, ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ ní 90 ọjọ́, àfi nǹkan oníbátìrì bíi GPS tó jẹ́ 90 ọjọ́ fún gbogbo wa. Ìyàwó mi ra búùtù kan níbẹ̀, ó wọ̀ ọ́ nínú ilé, ó ní ó dáa, ìgbà tá a rin máìlì mẹ́rin nínú igbó ló tó mọ̀ pé ó ń há òun níka ẹsẹ̀, èékánná ẹ̀ dúdú. Ó ti lé lóṣù méjì tá a rà á. A gbé e padà, ẹrẹ̀ ṣì wà nínú gọ́tà abẹ́ ẹ̀, ojú ń tì mí pé kí ni wọ́n fẹ́ sọ, ọmọkùnrin tó gbà á kàn fi kọ̀ǹpútà wá orúkọ wa ni, ó dá owó wa padà.

Àwọn búùtù tí wọ́n bá dá padà báyẹn, tó bá ṣì dáa, wọ́n máa ń tún un tà ni, Re/Supply ni wọ́n ń pè é, ọmọ ẹgbẹ́ nìkan ló lè rà á. Òkìríkà ni, àmọ́ òkìríkà tí wọ́n ti yẹ̀ wò, wọ́n á kọ ohun tó ṣe é sí i lára: ó ya díẹ̀ níbí, síìpù ẹ̀ le. Ọjọ́ ìdápadà tiẹ̀ kúrú, 30 ọjọ́ ni. Èyí tẹ́ ẹ bá ti lò tán tẹ́ ẹ ò fẹ́ mọ́, wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ yín, wọ́n á fún yín ní gift card. Fún ọmọ tó ń dàgbà, tí búùtù ọdún yìí ò ní wọ ẹsẹ̀ ẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, mi ò rí ibi tó dáa jùyẹn.

Sales ńlá wọn máa ń wáyé ní May títí di Memorial Day, òmíràn ní àsìkò Labor Day tibí, tó máa ń bọ́ sí September. Wọ́n tún máa ń fún ọmọ ẹgbẹ́ ní kúpọ́ọ̀nù 20% fún ọjà kan ṣoṣo tí owó ẹ̀ ò tíì wálẹ̀. Ẹ ka lẹ́tà wẹ́wẹ́ tó wà nísàlẹ̀ kúpọ́ọ̀nù náà kẹ́ ẹ tó jáde nílé, torí àwọn ọjà kan wà tí kì í ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀. Ẹ má sì lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà wọn ní Black Friday, láti 2015 ni wọ́n ti ń tìlẹ̀kùn lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ní káwọn òṣìṣẹ́ lọ gbafẹ́.

L.L.Bean náà kì í ṣe ọmọ àná. Maine ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1912. Búùtù 100 àkọ́kọ́ tí Bean tà, 90 ló padà wá torí òwú ẹ̀ já, ó dá owó olówó padà, ó wá lọ ṣe òmíràn tó dáa. Bó ṣe jẹ́ nìyẹn tí wọ́n fi ń gba ọjà padà láìsí gbèdéke fún ọdún gbọọrọ, àwọn kan wá sọ ọ́ di nǹkan mìíràn, wọ́n á lọ ra àlòkù ní yard sale, wọ́n á gbé e lọ gbowó tuntun. Ọdún 2018 ni wọ́n fòpin sí i: ọdún kan péré, ẹ sì gbọ́dọ̀ ní risíìtì. Kò sówó ìwọlé kankan. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ èènì, inú kírẹ́díìtì káàdì wọn ló wà, 4% lórí ọjà tiwọn. Ẹ ti mọ ohun tójú mi rí lọ́wọ́ káàdì sítọ́ọ̀, ẹni tó bá máa ń san gbogbo gbèsè káàdì lóṣooṣù láìyẹ̀ nìkan ni mo lè sọ fún pé kó gbà á.

The North Face ní XPLR Pass, ọ̀fẹ́ ni, dọ́là kan jẹ́ póíǹtì kan, 100 póíǹtì jẹ́ $10. Ó dùn ún gbọ́, àmọ́ ọjà tiwọn nìkan ni. Dick's, sítọ́ọ̀ ẹrù eré ìdárayá, náà ní ScoreCard, ọ̀fẹ́ lòun náà, 300 póíǹtì ló ń di $10, ìyẹn ò ju dọ́là mẹ́ta àti díẹ̀ lórí ọgọ́rùn-ún lọ. Sierra ní tiẹ̀, ilé kan náà lòun àti T.J. Maxx àti Marshalls, wọ́n ti gé owó ọjà wálẹ̀ kẹ́ ẹ tó débẹ̀, ẹ kàn lè wá sáìsì yín tì ni, èyí tẹ́ ẹ rí lónìí kò ní sí níbẹ̀ lọ́la. Èmi máa ń gba ibẹ̀ kọjá lẹ́yìn iṣẹ́ fún ìbọ̀sẹ̀ wúùlù àti ìbọ̀wọ́, tí mi ò bá rí nǹkan kan mo lọ sílé mi.

Costco, ọ̀pọ̀ nínú wa ti ní káàdì wọn tẹ́lẹ̀ nítorí àpò ìrẹsì. $65 lọ́dún ni, Executive jẹ́ $130, òun ló ń dá 2% padà. Ẹ ṣírò ẹ̀: kí $65 tẹ́ ẹ fi kún un tó padà, ẹ gbọ́dọ̀ ná $3,250 níbẹ̀ láàárín ọdún, ilé tọ́mọ pọ̀ sí lè ṣe é, ẹni tó ń dá gbé kò nílò ẹ̀. Jákẹ́ẹ̀tì òtútù wọn ò wọ́n, ọ̀pọ̀ ọjà wọn ò sì ní gbèdéke ọjọ́ ìdápadà. Àìdáa tó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n tètè ń kó o jáde, ó sì tètè ń tán, tẹ́ ẹ bá dúró dìgbà tí òtútù bá mú yín, nǹkan Kérésì lẹ máa bá níbẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká gbé jákẹ́ẹ̀tì $250 kan káàkiri ká wo èènì tó máa jẹ yọ:

REI: $25, tó bá jẹ́ odindi owó lẹ san, ẹ máa dúró di March.
The North Face: $20, 50 póíǹtì á kù sílẹ̀ tí kò tíì jẹ́ nǹkan kan.
L.L.Bean pẹ̀lú káàdì: $10.
Costco Executive: $5.
Dick's: òfo, ẹ ò tíì pé 300. Ẹ máa ra nǹkan $50 mìíràn kó tó pé, ibi tí wọ́n ti ń mú wa nìyẹn.

Tí sales 25% bá dé bá jákẹ́ẹ̀tì kan náà, $62.50 ti kúrò lórí ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Èènì tó tóbi jù nínú gbogbo wọn kò tó ìdajì ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń fi póíǹtì yan sítọ́ọ̀ mọ́, iye ọjọ́ tí wọ́n fún mi láti dá ọjà padà ni mo ń wò, mo sì ń wo kàlẹ́ńdà. Jákẹ́ẹ̀tì òtútù máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ lẹ́yìn Kérésì, tó bá fi máa di Presidents' Day ní February sí March, wọ́n fẹ́ kó o kúrò nílẹ̀ ni. Tẹ́ǹtì, sleeping bag, àga káǹpù, ẹ dúró de Labor Day, táwọn ọmọ bá ti padà síléèwé. Ẹni tó wà ní Maryland bíi tiwa tún ní ọ̀sẹ̀ kan ní August, tó bẹ̀rẹ̀ ní Sunday kejì, tí wọn kì í gba owó orí 6% lórí aṣọ àti bàtà tí ìkọ̀ọ̀kan ò bá ju $100 lọ. Delaware ò tiẹ̀ gba owó orí ọjà rárá, àmọ́ ẹ ka owó epo àti toll mọ́ ọn, tí ọjà yín ò bá tó $800, tí ẹ máa fi rí $48, ẹ jókòó sílé yín.

Ọ̀rọ̀ sleeping bag kù, torí ibẹ̀ ni owó pọ́ọ́kú ti ń fi òtútù pa ọmọ. Nọ́ńbà gàgàrà tí wọ́n kọ sára ẹ̀, bíi 20, ìwọ̀n òtútù ni, Fahrenheit ni wọ́n fi ń kà á níbí, kì í ṣe ibi tára ti máa tù yín lọ́pọ̀ ìgbà, ibi tẹ́ ẹ lè fara dà á dé ni. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "comfort" sí lára lébẹ́ẹ̀lì, ó lè fi nǹkan bíi 10 lé sókè sí ti àkọ́kọ́. Àwa tí òtútù tètè máa ń mú, comfort ni ká máa wò. Ọmọ mi sùn nínú èyí tó ní 35 lára lóru October kan, aago mẹ́ta ló jí, ó wọ gbogbo aṣọ tó gbé dání, kò sì lè sùn mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Èyí tó wà nínú sales tí kò bá bá ibi tẹ́ ẹ ń lọ mu, ó wọ́n ju odindi owó lọ. Àlòkù náà, ẹ má fi ra hẹ́límẹ́ẹ̀tì àti okùn ìgunkè, ẹ ò mọ ibi tó ti já bọ́ rí.

Ẹni tó dé láti ilé ní December tí kò ní nǹkan kan lára, kó má dúró de sales kankan o. Kó lọ sí Sierra tàbí kó wá àlòkù lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹni tẹ́ ẹ ti mọ̀ pé ó ń bọ̀ lẹ̀ ń fi kàlẹ́ńdà tọ́jú. Àbúrò ìyàwó mi ń bọ̀ wá kàwé ní January, láti March ni mo ti ra jákẹ́ẹ̀tì ẹ̀, $250 ni wọ́n ń tà á tẹ́lẹ̀, $125 ni mo san. Ó ti wà nínú wọ́dúróòbù láti ìgbà yẹn, lébẹ́ẹ̀lì ẹ̀ ṣì wà lọ́rùn ẹ̀, mo ká risíìtì sínú àpò òsì. Tí kò bá bá a mu nígbà tó bá dé, mo ṣì ní nǹkan bí oṣù méjì láti lọ pààrọ̀ ẹ̀.